Aró Tí Ń Tọ Ipa Ẹ̀jẹ̀: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Obìnrin Mọ̀ Kí Abẹ Tó Kan Àpòlúkù Rẹ̀

Ẹ̀yin ìyàwó ilé, ẹ̀yin abiyamọ, ẹ jẹ́ kí á ti ọ̀dọ̀ aránṣọ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Bí aránṣọ bá gé aṣọ sí méjì, tí ó sì tún rán an pọ̀, òwú ni yóò máa di ojú rírán náà mú títí aṣọ yóò fi gbó. Bí òwú bá ti yi, aṣọ kò ní tú. Ṣùgbọ́n ara ènìyàn kì í ṣe aṣọ. Bí oníṣẹ́ abẹ bá gé ara, tí ó sì so ó pọ̀, òwú tàbí irin tí ó fi so ó, alágbàtọ́ ọjọ́ díẹ̀ ni. Ara fúnra rẹ̀ ni yóò so ara pọ̀, ẹ̀jẹ̀ ni yóò sì gbé ohun tí ara yóò fi ṣe iṣẹ́ náà wá. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé, ojú rírán ibẹ̀ kò lè jiná, bí ó ti wù kí ẹni tí ó rán an mọ iṣẹ́ tó.

Ìdí tí a fi ń sọ èyí fún yín ni pé iṣẹ́ abẹ tí a fi ń dín ìsanrajù kù kì í ṣe ìròyìn òkèèrè mọ́. Ẹlòmíràn nínú yín ní ẹ̀gbọ́n ní London tàbí àbúrò ní Houston tí ó ti ṣe é. Ẹlòmíràn ń fi owó pamọ́ díẹ̀díẹ̀ nítorí rẹ̀, kò sì tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Láyé àwọn ìyá wa, bí obìnrin bá sanra lẹ́yìn ìbímọ, ọkọ rẹ̀ ni wọ́n ń yìn pé ó mọ ìyàwó tọ́jú. Lónìí a mọ̀ pé ìsanra tí ó bá kọjá ààlà a máa mú àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìrora orúnkún lọ́wọ́ wá. A kò kọ èyí láti tì yín sínú iṣẹ́ abẹ, bẹ́ẹ̀ ni a kò kọ ọ́ láti dẹ́rù bà yín. A fẹ́ kí ẹ mọ ohun kan tí àwọn oníṣẹ́ abẹ ń lò nísinsìnyí láti fi ojú rí ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, kí ẹ mọ ibi tí agbára rẹ̀ dé, kí ẹ sì mọ èyí tí ó kù tí ó jẹ́ ti yín láti ṣe.

TA NI IṢẸ́ ABẸ YÌÍ WÀ FÚN?

Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ìró rẹ̀ kò yí i ká mọ́ ni ó yẹ kí ó wá abẹ lọ. Àwọn dókítà ní ìwọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní BMI. Wọn yóò mú gíga ènìyàn ní mítà, wọn yóò sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, wọn yóò sì fi èyí tí wọ́n bá rí pín ìwúwo rẹ̀ ní kílógíráàmù. Obìnrin tí ó ga ní mítà 1.60, tí ó sì wúwo tó kílógíráàmù 104, ìwọ̀n tirẹ̀ lé díẹ̀ ní 40. Ní 1991 ni àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà fi 40 ṣe ààlà, tàbí 35 fún ẹni tí àìsàn bí àtọ̀gbẹ bá ti wà lára rẹ̀. Ní 2022, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ yìí ní Amẹ́ríkà àti ẹgbẹ́ wọn ti gbogbo àgbáyé sọ ààlà náà kalẹ̀ sí 35, yálà àìsàn wà tàbí kò sí. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, tí ó kàn ń fẹ́ kí ikùn òun padà wọlé, iṣẹ́ abẹ yìí kì í ṣe tirẹ̀.

OHUN TÍ WỌ́N Ń ṢE SÍ ÀPÒLÚKÙ

Oríṣi méjì ni ó wọ́pọ̀ jù. Nínú èkíní, oníṣẹ́ abẹ yóò gé apá tí ó fẹ̀ nínú àpòlúkù kúrò, nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún. Èyí tí ó kù yóò rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí apá ẹ̀wù, ìdí sì nìyí tí àwọn Òyìnbó fi sọ ọ́ ní sleeve gastrectomy, nítorí apá ẹ̀wù ni wọ́n ń pè ní sleeve. Nínú èkejì, tí wọ́n ń pè ní gastric bypass, yóò ya àpò kékeré kan sọ́tọ̀ ní òkè àpòlúkù, yóò sì fa ìfun wá so mọ́ ọn, kí oúnjẹ lè yà kúrò ní ọ̀nà tí ó ń gbà tẹ́lẹ̀. Edward Mason àti Chikao Ito ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ nítorí ìsanrajù ní Yunifásítì Iowa ní Amẹ́ríkà ní 1966.

Lóde òní, wọn kì í sábà la ikùn gbàgà mọ́. Ihò kéékèèké mélòó kan ni wọ́n ń lu sí i, wọn a ti kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ọ̀kan, wọn a sì máa wo inú lójú tẹlifíṣọ̀n bí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé àpòlúkù náà ni ó ń gún irin wẹ́wẹ́ mọ́ ọn ní ìlà ìlà, gẹ́gẹ́ bí èyí tí àwọn akọ̀wé fi ń gún ìwé pọ̀ ní ọ́fíìsì.

Ohun tí àwọn oníṣẹ́ abẹ ń bẹ̀rù gidigidi ni kí ìlà náà jò. Bí ó bá jò, oje inú àpòlúkù àti ohun tí aláìsàn mu yóò máa ro sínú ikùn, yóò sì sọ ibẹ̀ di egbò. Kì í ṣe ohun tí ó wọ́pọ̀. Nínú aláìsàn 100 tí a gé àpòlúkù wọn bí apá ẹ̀wù, ẹni 1 sí 3 ni ìwé àwọn oníṣègùn ti ń kà tipẹ́, ó sì lè kéré sí bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí iṣẹ́ náà ti mọ́ lára. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ṣẹlẹ̀ sí, ọ̀ràn ẹ̀mí ni.

Òkè pátápátá, nítòsí ibi tí ọ̀nà ọ̀fun gbé pàdé àpòlúkù, ni jíjò ti wọ́pọ̀ jù. Ẹ wo ìdí kan. Kí oníṣẹ́ abẹ tó lè gé apá tí ó fẹ̀ kúrò, ó ní láti kọ́kọ́ gé àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké tí ó ti ẹ̀gbẹ́ òsì wá bọ́ apá náà. Òkè àpòlúkù tí ó kù wá di ọmọ tí ìyá méjì ń bọ́ tẹ́lẹ̀, tí ó ku ìyá kan ṣoṣo. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìyá kan náà tó o bọ́. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, kò tó.

BÍ ARÓ NÁÀ TI Ń ṢIṢẸ́

Fún ọdún gbọọrọ, ojú lásán ni oníṣẹ́ abẹ fi ń wo bí ẹ̀jẹ̀ ti ń lọ. Yóò wo àwọ̀ ẹran ara, bóyá ó pupa rẹ́súrẹ́sú tàbí ó ti ń ṣú. Yóò wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ ń yọ ní etí ibi tí ó gé. Ọgbọ́n àgbà ni, a kò sì lè fi ṣẹ̀sín. Ṣùgbọ́n ẹran ara tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń dín kù lè pa àwọ̀ dára fún wákàtí mélòó kan, kí ó tó wá ṣú nígbà tí wọ́n ti rán ikùn pa.

Ibí yìí ni aró ti wọlé. Orúkọ rẹ̀ ni indocyanine green, ICG ni wọ́n sì máa ń gé e kúrú sí. Ìyẹ̀fun tí àwọ̀ rẹ̀ dúdú bí ewé ni, nínú ìgò kékeré; omi mímọ́ ni wọ́n fi ń pò ó kí wọ́n tó gún un sínú iṣan. Kì í ṣe ohun tí wọ́n dá sílẹ̀ lánàá. Ilé iṣẹ́ Kodak, àwọn tí ń ṣe fíìmù fọ́tò, ni wọ́n ṣe é. Ní 1957 ni àwọn dókítà Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà kọ ìwé lórí lílò rẹ̀ fún aláìsàn ọkàn, ìjọba Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i ní 1959. Wọ́n fi ń wọn iye ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tú jáde, wọ́n fi ń yẹ iṣẹ́ ẹ̀dọ̀ wò, wọ́n tún fi ń wo iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ẹyinjú. Nígbà tí àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ wá ṣe kámẹ́rà tí ó lè rí i nínú ikùn, ó di ohun èlò oníṣẹ́ abẹ.

Bí aró yìí bá ti wọ inú ẹ̀jẹ̀, yóò lẹ̀ mọ́ àwọn purotéènì tí ó wà níbẹ̀, kò sì ní tètè jáde kúrò nínú iṣan. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ bá yà sí, ibẹ̀ ni òun náà yóò yà sí. Ìmọ́lẹ̀ kan wà tí ojú ènìyàn kò lè rí. Bí wọ́n bá tan irú rẹ̀ sí aró náà, aró yóò dá ìmọ́lẹ̀ mìíràn padà, kámẹ́rà yóò sì gbà á. Ẹ ti rí ojú ológbò rí ní òru, nígbà tí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i, tí ó kọ yẹ̀rì nínú òkùnkùn. A lè fi í wé bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí oníṣẹ́ abẹ bá parí gígé, yóò ní kí dókítà tí ń bójú tó oorun aláìsàn gún mílígíráàmù díẹ̀ nínú aró náà sí iṣan apá. Wọn yóò yí kámẹ́rà sí ìmọ́lẹ̀ tí a kò lè rí yìí, ojú tẹlifíṣọ̀n yóò sì ṣókùnkùn. Kò ní pẹ́ títí, láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú kan, àpòlúkù yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tàn, ìmọ́lẹ̀ yóò sì máa tàn kálẹ̀ bí omi tí a bu sórí ebè ẹ̀fọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ibi tí ó bá tàn, ẹ̀jẹ̀ dé ibẹ̀. Ibi tí ó bá dúdú, kí oníṣẹ́ abẹ dúró kí ó ronú. Bí ìfun tí ó fẹ́ so mọ́ àpò kékeré ni kò tàn ní etí, ó lè gé etí náà kúrò títí yóò fi dé ibi tí ó yè, kí ó tó so ó. Bí ìlà àpòlúkù ni, ó lè fi òwú kún un, tàbí kí ó ṣọ́ aláìsàn náà ju bí ó ti ń ṣọ́ ẹlòmíràn lọ. Ó wúlò púpọ̀ fún ẹni tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún ní àpòlúkù tẹ́lẹ̀, nítorí pé abẹ àkọ́kọ́ lè ti gé àwọn iṣan kan tí kò sí ní ipò wọn mọ́. Àwọn baba wa wí pé ojú tí yóò bá ni kalẹ́ kì í ti òwúrọ̀ ṣe ipin. Ipin òwúrọ̀ náà ni oníṣẹ́ abẹ ń wá.

Aró náà kì í pẹ́ lára. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́rin, ìdajì rẹ̀ ti kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń gbà á, tí ó sì ń tú u dà sínú òróòro, láti ibẹ̀ ni yóò sì bá ìgbẹ́ jáde.

ARÓ MÉJÌ, IṢẸ́ MÉJÌ

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a da aró yìí pọ̀ mọ́ òmíràn fún yín. Aró búlúù kan wà tí wọ́n ń pè ní methylene blue. Òun kì í wọ inú ẹ̀jẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Ọ̀nà ọ̀fun ni wọ́n ń gbà rọ ọ́ sínú àpòlúkù, kí wọ́n lè wò ó bóyá yóò yọ jáde lára ìlà. Iṣẹ́ rẹ̀ dà bí ti ẹni tí ó ra ìkòkò lọ́jà, tí ó bu omi sí i kí ó tó gbé e lọ sílé. Aró búlúù ń béèrè pé, ǹjẹ́ ìkòkò yìí ń jò nísinsìnyí? Aró ti inú ẹ̀jẹ̀ ń béèrè pé, ǹjẹ́ ìkòkò yìí yóò dúró títí di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀? Ìbéèrè méjèèjì ni ó ní láárí, ọ̀kan kò sì lè dáhùn fún èkejì.

IBI TÍ AGBÁRA RẸ̀ MỌ

Òtítọ́ ni a jẹ yín. Aró yìí kì í ṣe ẹ̀rí pé ohunkóhun kò ní ṣẹlẹ̀. Ohun tí kámẹ́rà rí ni bí ẹ̀jẹ̀ ti ń lọ ní ìṣẹ́jú náà, nígbà tí aláìsàn ń sùn. Kò lè sọ bí yóò ti rí ní ọjọ́ kẹta tàbí ìkarùn-ún. Bí kámẹ́rà bá sún mọ́ ara jù, ìmọ́lẹ̀ yóò pọ̀. Bí ó bá jìnnà, yóò dín kù. Bí oníṣẹ́ abẹ bá sì pẹ́ kí ó tó wò ó, aró yóò ti rọra ràn láti ibi tí ó yè dé ibi tí kò yè, ibi tí ó yẹ kí ó dúdú yóò sì dà bí èyí tí ó tàn. Ọgbọ́n ẹni tí ń wò ó ṣì ni ó ṣe pàtàkì jù.

Lẹ́yìn èyí, àìtó ẹ̀jẹ̀ nìkan kọ́ ni ó ń fa jíjò. Irin lè má dì dáradára. Àpòlúkù tí ó há jù ní àárín lè mú kí agbára inú rẹ̀ máa ti ìlà náà. Àwọn oníṣẹ́ abẹ ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé aláìsàn kan wà tí àpòlúkù rẹ̀ tàn dáradára lójú kámẹ́rà, tí ó sì tún jò lẹ́yìn náà. Nítorí pé jíjò kò wọ́pọ̀, ìwádìí kò tíì fi hàn kedere pé aró yìí nìkan ń dín in kù nínú iṣẹ́ abẹ ìsanrajù. Oníṣẹ́ abẹ tí kò ní kámẹ́rà rẹ̀ lè jẹ́ ọ̀gá nínú iṣẹ́, ẹni tí ó sì ní in lè má tíì mọ iṣẹ́ tó. Ẹ má ṣe tìtorí ẹ̀rọ yan dókítà.

KÍ Ẹ TÓ FI ỌWỌ́ SÍ ÌWÉ

Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè. Ẹ béèrè pé: Dókítà, irú iṣẹ́ yìí mélòó ni ẹ ti ṣe? Mélòó ni ó jò, kí ni ẹ sì ṣe sí i? Báwo ni ẹ ó ti mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ dé ojú ibi tí ẹ gé? Bí ọ̀ràn bá dé ní òru, ta ni kí n pè? Dókítà tí ó mọ iṣẹ́ kò ní bínú sí ìbéèrè wọ̀nyí.

Ẹ̀yin náà ní ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ sọ. Àáyódíìnì wà nínú aró ICG. Bí oògùn tí ó ní àáyódíìnì bá ti yọ yín lẹ́nu rí, tàbí tí wọ́n ti gún aró kan fún yín rí tí ara yín wú tàbí tí èémí yín há, ẹ sọ ọ́. Kì í wọ́pọ̀ kí ICG ṣe ènìyàn ní ibi, ṣùgbọ́n bí ó bá ṣe é, ó lè le. Bí ẹ bá ń fún ọmọ lọ́mú, ẹ sọ ọ́. Bí nǹkan oṣù yín bá pẹ́, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó ṣe ohunkóhun. Bí sìgá tàbí tábà bá ń wọ ẹnu yín, ẹ fi í sílẹ̀ ṣáájú, nítorí a máa fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀, aró kò sì lè tàn ní ibi tí tábà ti dí ọ̀nà.

NÍGBÀ TÍ Ẹ BÁ DÉLÉ

Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni kámẹ́rà fi ń wò. Lẹ́yìn rẹ̀, ojú yín àti ojú ará ilé yín ni ó kù. Jíjò tí àìtó ẹ̀jẹ̀ bá fà sábà máa ń farahàn láàárín ọjọ́ karùn-ún sí ìkeje, ó sì lè pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ aláìsàn ti wà nílé.

Ẹ fi ìka méjì lé ọrùn ọwọ́ yín, ní ìsàlẹ̀ àtàǹpàkò, kí ẹ ka bí ọkàn ti ń lù fún ìṣẹ́jú kan. Bí ó bá ń lù ju 120 lọ nígbà tí ẹ jókòó jẹ́ẹ́, ilé ìwòsàn ni kí ẹ lọ. Bí ibà bá gbé yín, bí inú rírun bá ń le sí i dípò kí ó máa rọlẹ̀, bí èjìká òsì bá ń dùn yín láìnídìí, bí èémí bá ń há, tàbí bí èébì kò bá dáwọ́ dúró, ẹ má ṣe dúró di ọjọ́ kejì. Ẹ má ṣe mu àgbo sí i, ẹ má sì ṣe jẹ́ kí wọ́n sọ fún yín pé ibà lásán ni. Ẹ sọ fún dókítà tí ẹ bá bá lẹ́nu iṣẹ́ pé, wọ́n gé àpòlúkù mi ní ọjọ́ báyìí. Àrùn là ń wò, a kì í wo ikú. Jíjò tí a tètè mọ̀ ni a lè wò.

Nítorí náà ni a fi ń bẹ yín pé kí ẹ má ṣe fi iṣẹ́ abẹ yìí ṣe àṣírí tí ẹ̀yin nìkan mọ̀. A mọ̀ pé ẹ ń bẹ̀rù ẹ̀sín. A mọ̀ pé àwọn àna lè wí pé owó ni ẹ fi ń ṣòfò, àti pé aládùúgbò lè rẹ́rìn-ín. Ẹ kò ní láti sọ fún gbogbo àdúgbò. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹnì kan ó kéré tán nínú ilé mọ̀, yálà ọkọ, yálà ìyá, yálà àbúrò, kí ó sì mọ àwọn àmì tí a kà sílẹ̀ yìí. Ara ẹni tí kò yá kì í jẹ́ kí ó lè sọ tẹnu rẹ̀ dáradára. Ẹni tí ó lọ ṣe é ní ilẹ̀ òkèèrè ní láti mú ìwé ohun tí wọ́n ṣe fún un bọ̀, kí ó sì ti mọ dókítà tí yóò gbà á nílé kí ó tó wọ ọkọ̀ òfuurufú.

Ẹ̀JẸ̀ ÌYÁ, Ẹ̀JẸ̀ ỌMỌ

Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ kò tán sí yàrá iṣẹ́ abẹ. Àpòlúkù tí ó kéré kò lè gba ohun aṣaralóore bí ti tẹ́lẹ̀. Ayọ́ọ̀nù, fítámì B12 àti fólíìkì ásíìdì, tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, lè dín kù láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Oògùn fítámì tí dókítà bá kọ, títí ayé ni. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ náà kò gbọ́dọ̀ yẹ̀.

Bí ara bá ti ń fúyẹ́, oyún a tún máa tètè dúró ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Inú obìnrin tí ó ti ń wá ọmọ yóò dùn sí èyí. Ṣùgbọ́n àwọn dókítà ń gbà wá nímọ̀ràn pé kí á dúró fún oṣù 12 sí 18 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, kí ara tí ń yára fọn má baà máa du oúnjẹ mọ́ ọmọ inú lọ́wọ́. Oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí tí a ń gbé mì lè má ṣiṣẹ́ dáradára lẹ́yìn tí wọ́n bá yí ọ̀nà ìfun padà. Ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ nípa oríṣi mìíràn kí ẹ tó kúrò ní ilé ìwòsàn.

Ẹ jẹ́ kí á padà sí ọ̀dọ̀ aránṣọ tí a ti bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá gbé aṣọ fún yín, ẹ ó yí i síta, ẹ ó sì wo ojú rírán rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Ẹ kò lè yí àpòlúkù yín síta wò. Oníṣẹ́ abẹ ni ó lè bá yín wò ó pẹ̀lú aró àti kámẹ́rà, fún ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ikùn fi ṣí sílẹ̀. Nígbà tí ikùn bá ti pa dé, ọwọ́ tí ẹ fi lé ọrùn ọwọ́ yín, ẹnu tí ẹ fi sọ ọ́ jáde, àti ẹni tí ó mọ̀ nínú ilé ni yóò máa bá yín wò ó lọ.